Omi Tó Ń Wá Ọ̀nà: Ìtàn Bí Aráyé Ṣe Mọ Ohun Tó Wà Nínú Yìnyín

Ní òru ọjọ́ 11 mọ́jú ọjọ́ 12, oṣù Keje, ọdún 1892, àwọn ará Saint-Gervais àti àwọn àlejò wọn ti sùn. Ìlú kékeré ni, ní ẹsẹ̀ òkè Mont Blanc nílẹ̀ Faransé. Àwọn èèyàn máa ń wá síbẹ̀ wá fi omi gbígbóná inú ilẹ̀ wẹ̀ fún ìlera. Láàárín òru, omi já lókè. Omi, ẹrẹ̀, òkúta àti igi tí wọ́n ti fà tu wọ́ tìì sọ̀kalẹ̀ gba àfonífojì. Wọ́n kó ilé, wọ́n kó ilé ìwẹ̀, wọ́n kó nǹkan bí 175 èèyàn lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìbéèrè tó wà lẹ́nu àwọn tó kù ni pé, níbo ni omi yìí ti wá?

Kò sí adágún tí ojú rí lórí òkè náà. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Joseph Vallot àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gun òkè lọ wò ó, wọ́n sì bá ihò ràgàjì kan nínú yìnyín tí wọ́n ń pè ní Tête Rousse. Inú ihò yẹn ni omi tó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 100 lítà ti dúró, tí yìnyín bò ó mọ́lẹ̀, títí ọjọ́ tí ògiri fi là.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ṣùgbọ́n báwo ni onílé ṣe fẹ́ kọ̀ fún àgbàrá tí kò mọ̀ pé ó ń gbé lókè orí òun? Ó ti tó ọgọ́sàn-án ọdún báyìí tí àwọn onímọ̀ ti ń wá ìdáhùn. Wọ́n fi okùn wá a, wọ́n fi ìṣirò wá a, wọ́n fi bàálù àti sátẹ́láìtì wá a. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ láti ìran dé ìran kò ju ọ̀kan lọ, àmọ́ ó pẹ́ kó tó yé wọn: ká mọ bí omi ṣe pọ̀ tó kò tó, àfi ká mọ̀ bóyá ó ti rí ọ̀nà.

Okùn Agassiz

Yìnyín tí mò ń wí yìí kì í ṣe èyí tí ń bọ́ sórí páànù wa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ọmọdé ń sáré ṣà jẹ. Láwọn ilẹ̀ olótùútù, òjò dídì ọdún yìí ń rọ̀ lé ti èṣín, ti èṣín ń tẹ ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀ mọ́lẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ fi di yìnyín líle. Bó bá ti pọ̀ tó, ìwúwo ara rẹ̀ á máa tì í, á sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ bí oyin tó dà sínú àwo. Èyí tó ń rìn láàárín òkè ni n ó máa pè ní odò yìnyín. Àmọ́ èyí tó bo Greenland fẹ̀ tó mílíọ̀nù 1.7 kìlómítà níbùú-lóròó, bíi Nàìjíríà méjì ó dín díẹ̀, jíjìn rẹ̀ sì lé ní kìlómítà mẹ́ta níbi tó ti nípọn jù. Ti Antarctica tóbi jù ú lọ fíìfíì.

Louis Agassiz, ọmọ Switzerland, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní 1840 ó tẹ ìwé jáde pé yìnyín ti bo apá púpọ̀ nínú Yúróòpù nígbà kan rí. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, lórí odò yìnyín Unteraar, ó ní kí wọ́n fi okùn sọ òun kalẹ̀ sínú ihò kan tí omi ti gbẹ́. Ó ń lọ, ó ń lọ, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kan omi tó tutù nini. Ó figbe bọnu. Àwọn tó di okùn mú ṣì í gbọ́, wọ́n tún tú okùn sílẹ̀ sí i! Orí ló kó o yọ. Àwọn ará òkè wọ̀nyẹn tó ń sọ èdè Faransé ti fún irú ihò bẹ́ẹ̀ lórúkọ: moulin, ìyẹn ọlọ, nítorí bí omi ṣe ń yí bìrìbìrì nínú rẹ̀ bíi ti ẹ̀rọ tí ń lọ ọkà. Ihò ọlọ ni èmi náà ó máa pè é.

Ní 1870, Adolf Erik Nordenskiöld ti ilẹ̀ Sweden gun orí yìnyín Greenland. Ó rí eruku dúdú tó bà sórí yìnyín, tí oòrùn ń gbóná mọ́ ju funfun tó yí i ká lọ, tí ó sì ń rì sísàlẹ̀ títí yóò fi gbẹ́ kòtò tí omi kún inú rẹ̀. Cryoconite ló sọ eruku náà, orúkọ yẹn ni wọ́n sì ń pè é dòní. Ó rí odò aláwọ̀ ojú ọ̀run tí ń ṣàn lórí yìnyín, tó dé ẹnu ihò ọlọ kan tó sì wọlẹ̀ lọ. Ó padà lọ ní 1883, pẹ̀lú ìrètí pé òun á bá ilẹ̀ tútù yọ̀yọ̀ láàárín gbùngbùn erékùṣù náà. Fridtjof Nansen ti Norway àti ẹni márùn-ún tó bá a rìn ló fòpin sí àlá yẹn ní 1888, nígbà tí wọ́n la Greenland já láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn. Kò sí ewéko kankan níbẹ̀; funfun ni lọ súà.

Gbogbo wọn rí ibi tí omi gbà wọlé. Wọ́n sì rí odò tó ń tú jáde létí yìnyín. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ni ẹnikẹ́ni kò rí, ọ̀pọ̀ sì gbà pé ohun tó bá wọlé lókè náà ló ń jáde nísàlẹ̀. Lẹ́yìn ikú àwọn ará Saint-Gervais, ó yẹ kí wọ́n ti mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ìṣirò dé ibi tí okùn kò dé

Ọgọ́rin ọdún kọjá lẹ́yìn ìrìnàjò Nansen kí ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ̀rẹ̀ sí í lójú. Ní 1968, Louis Lliboutry, ará Faransé, ṣàlàyé pé bí yìnyín bá ń yọ̀ kọjá lórí àpáta, ó máa ń fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́yìn gbogbo gegele, omi á sì wọ inú àlàfo yẹn lọ lúgọ. Ní 1972, Hans Röthlisberger ti Switzerland gbé ìṣirò tirẹ̀ jáde. Ó ní omi tó ń ṣàn lábẹ́ yìnyín ń bá yìnyín jìjàdù. Ooru ìṣàn omi ń yọ́ ògiri ọ̀nà rẹ̀ kó lè fẹ̀. Ìwúwo yìnyín ń ti ògiri náà pa dé kó lè dí. Nígbà ooru tí omi pọ̀, ọ̀nà á fẹ̀. Nígbà òtútù, á dí padà. Ọ̀nà tó bá sì fẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, omi inú rẹ̀ kì í fún mọ́ra tó ti inú èyí tó há, nítorí náà á máa fa omi wọn mọ́ra, bí ọjà ńlá ṣe ń fa oníbàárà àwọn ọjà kéékèèké.

Ọdún kan náà ni Ronald Shreve, ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé lábẹ́ yìnyín, omi tí yìnyín tẹ̀ mọ́lẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ka gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ sí. Ibi tí ojú yìnyín lókè bá rọ̀ sí ló ń tẹ̀ lé, ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Omi lè tipa bẹ́ẹ̀ gun òkè lábẹ́ yìnyín.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí omi bá ti la ọ̀nà tó dára fún ara rẹ̀, á ṣàn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, yìnyín á sì jókòó pa sórí àpáta. Bí kò bá rí ọ̀nà, inú àwọn àlàfo kéékèèké ni yóò fọ́n ká sí. Á máa ti yìnyín sókè, yìnyín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Odò yìnyín Variegated ní Alaska fi èyí han Barclay Kamb àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1982 sí 1983. Lójijì ló bẹ́ sí eré, títí ó fi ń rìn ju mítà 50 lọ lójúmọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ọdún 1983, omi tó ti há sábẹ́ rẹ̀ rí ọ̀nà, ó ya jáde pẹ̀lú ẹrẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, eré náà ti rọlẹ̀.

Àwọn ará Iceland kò nílò ìṣirò kí wọ́n tó mọ èyí. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ní orúkọ fún un: jökulhlaup, bí ẹni ń sọ pé yìnyín sáré. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1996, iná bú jáde láti inú ilẹ̀ lábẹ́ Vatnajökull, yìnyín tó tóbi jù lórílẹ̀-èdè náà. Omi tí iná náà yọ́ kò jáde. Ó gba abẹ́ yìnyín lọ sínú adágún Grímsvötn, ó sì ń kóra jọ níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Àwọn aláṣẹ ti òpópónà pa, wọ́n sì ń ṣọ́ omi náà. Ní ọjọ́ 5, oṣù Kọkànlá, omi gbé yìnyín sókè, ó já. Nígbà tó le jù, ó ń da ju mílíọ̀nù 40 lítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ó fọ́ afárá, ó yí òkìtì yìnyín tó ga bí ilé kiri bí ẹni ń yí àgbá. Ẹ̀mí ẹnì kankan kò bọ́, nítorí lọ́tẹ̀ yìí, onílé ti mọ̀.

Adágún tí oòrùn kò rí

Antarctica ni ibi tí ẹnikẹ́ni kì í rò pé omi lè wà. Ní ibùdó Vostok tí àwọn ará Rọ́ṣíà tẹ̀ dó síbẹ̀, òtútù já sí −89.2 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní oṣù Keje 1983. Síbẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni Gordon Robin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge ti ń fi bàálù tó gbé réda fò kọjá lórí yìnyín yẹn. Ìgbì rédíò máa ń la yìnyín kọjá, á kan ilẹ̀, á sì ta padà. Láwọn ibì kan, ohun tó ń ta padà tẹ́jú pẹrẹsẹ, ó sì mọ́lẹ̀ bí dígí. Àpáta kì í tẹ́ bẹ́ẹ̀. Omi ni.

Ní 1996, Andrey Kapitsa àti àwọn onímọ̀ Rọ́ṣíà pẹ̀lú ti Bìrìtéènì kéde pé adágún kan wà lábẹ́ Vostok gan-an, tó gùn ní nǹkan bí kìlómítà 250, lábẹ́ yìnyín tó tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin. Báwo ni kò ṣe dì? Ooru díẹ̀díẹ̀ ń gòkè wá láti inú ilẹ̀. Yìnyín tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ ń bò ó bí aṣọ òtútù. Ìwúwo rẹ̀ sì ń tẹ omi débi pé kò lè dì ní ìwọ̀n tí omi ìta fi ń dì. Ní oṣù Kejì ọdún 2012, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn ará Rọ́ṣíà ti ń gbẹ́ yìnyín, irin wọn kan omi náà ní jíjìn mítà 3,769. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ará Amẹ́ríkà gbẹ́ dé adágún Whillans ní nǹkan bíi mítà 800, wọ́n sì bá ohun abẹ̀mí tíntìntín nínú rẹ̀.

Gbogbo èèyàn kọ́kọ́ rò pé àwọn adágún yìí kàn jókòó jẹ́ẹ́ ni. Ní 2006, Duncan Wingham àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wo ohun tí sátẹ́láìtì ti kọ sílẹ̀ láàárín 1996 sí 1998: ojú yìnyín rì ní ibì kan, ó sì wú níbòmíràn tó ju 200 kìlómítà lọ sí i. Adágún kan ló ń da omi sínú àwọn míràn. Ìyẹn ni pé omi ń rìn lábẹ́ Antarctica láti ilé dé ilé, láìjẹ́ pé ẹni tó dúró lókè gbọ́ ìró rẹ̀.

Pẹ́pẹ́yẹ tí kò padà wá jíṣẹ́

Ìbẹ̀rù ńlá ti Greenland ló kàn. Ní 1990, Konrad Steffen pàgọ́ kan sórí yìnyín ìwọ̀-oòrùn Greenland, wọ́n ń pè é ní Swiss Camp. Láti inú àgọ́ yìí ni iṣẹ́ tí Jay Zwally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2002 ti wá. Yìnyín ibẹ̀ nípọn ju kìlómítà kan lọ, síbẹ̀ bí omi bá ti ń yọ́ lójú rẹ̀ nígbà ooru, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yá sí i. Omi òkè ń dé ìsàlẹ̀, kò sì pẹ́ rárá kó tó débẹ̀.

Báwo ló ṣe ń débẹ̀? Ní oṣù Keje ọdún 2006, Sarah Das àti Ian Joughin ti ri ẹ̀rọ mọ́ etí adágún kan lórí yìnyín. Adágún náà kún, omi rẹ̀ wọ inú ìlà kan lára yìnyín, ìwúwo omi sì ń la ìlà náà sísàlẹ̀ bí ẹni ń fi àáké la igi. Ní nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀, bílíọ̀nù 44 lítà omi ti gba inú yìnyín tó nípọn tó mítà 980 kọjá. Ìṣàn rẹ̀ ju ti ìtàkìtì omi Niagara lọ. Yìnyín gbogbo àyíká náà sì gbéra sókè kó tó rọra jókòó padà.

Ní 2008, Alberto Behar ti NASA fẹ́ mọ ibi tí omi ihò ọlọ ń jáde sí. Ó da 90 pẹ́pẹ́yẹ oníròbà, irú èyí tí ọmọdé fi ń ṣeré nínú omi ìwẹ̀, sínú ihò ọlọ kan nítòsí Ilulissat. Wọ́n kọ ọ́ sí wọn lára ní èdè mẹ́ta pé ẹni tó bá rí wọn yóò gba ẹ̀bùn. Bí ẹyẹ ìwò tí Nóà rán jáde, kò sí ọ̀kankan tó padà wá jíṣẹ́.

Lásìkò náà, ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù pé bí ayé bá ṣe ń gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ni omi yóò máa pọ̀ sí i, tí yìnyín Greenland yóò sì yọ̀ lọ gbuurugbu sínú òkun. Ní 2010, Christian Schoof, tó ń ṣiṣẹ́ ní Kánádà, padà sídìí ìṣirò Röthlisberger. Ó fi hàn pé omi tó pọ̀ tó sì ń wá déédéé a máa la ọ̀nà fún ara rẹ̀, yìnyín á sì dẹ ẹsẹ̀. Omi tó dé lójijì, bíi ti adágún tó já tàbí òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá, kí ọ̀nà tó ráyè fẹ̀, òun ló ń mú yìnyín sáré. Bí ojú gọ́tà wa ṣe rí náà nìyẹn: òjò tó rọ̀ jẹ́jẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta lè má ṣe wá ní nǹkan kan, kí ti wákàtí kan sì gbé ọkọ̀ lọ.

Àmù àti kọ́ǹkéré

Lẹ́yìn èyí ni omi tún yọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò wò. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2011, kí ooru ọdún náà tó dé, Rick Forster àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbẹ́ òjò dídì àtọdúnmọ́dún ní gúúsù ìlà-oòrùn Greenland. Òtútù mú gan-an lọ́jọ́ náà. Ohun tí irin wọn gbé jáde ń ro omi tótó. Wọ́n ti gbẹ́ kan omi tó wà nínú òjò dídì tó kì mọ́ra, bí omi ṣe ń wà nínú iyanrìn. Nígbà tí wọ́n fi réda wò ó káàkiri, ó gba ilẹ̀ tó tó 70,000 kìlómítà níbùú-lóròó; díẹ̀ ló fi kéré sí gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà.

Ohun tó pa á mọ́ ni òjò dídì fúnra rẹ̀. Lápá ibẹ̀, òjò dídì ń rọ̀ púpọ̀, ó sì ń tètè bo omi tó yọ́ nígbà ooru kí òtútù tó ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àmù ni, tí Greenland fi ń pa omi mọ́ láti ọdún dé ọdún.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní oṣù Keje 2012, nǹkan bí ìpín 97 nínú ọgọ́rùn-ún ojú yìnyín Greenland ló yọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Odò Watson ru, ó sì fọ́ afárá tó wà ní Kangerlussuaq. Ṣùgbọ́n ohun tí ọdún yẹn fi sílẹ̀ le ju afárá lọ. Omi tó rì sínú òjò dídì dì padà, ó sì di pẹpẹ yìnyín líle nísàlẹ̀. Horst Machguth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2016 pé níbi tí pẹpẹ yìí bá wà, omi kò lè rì mọ́. Ẹni tó bá ti da kọ́ǹkéré sí gbogbo àgbàlá rẹ̀ mọ ohun tó ń tẹ̀ lé e: omi tí ilẹ̀ ì bá mu, ojúde ló ń sáré gbà.

Omi sì tún gba ọ̀nà òdì. Ìwádìí kan tó jáde ní 2025 fi hàn pé ní 2014, adágún kan lábẹ́ yìnyín ní àríwá Greenland kò rí ọ̀nà gbà nísàlẹ̀, ó sì lu yìnyín já sókè. Bílíọ̀nù 90 lítà omi tú jáde láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Láti ìgbà Nordenskiöld ni a ti ń sọ̀rọ̀ omi tó ń ti òkè lọ sísàlẹ̀. Ta ló rò pé ó lè padà wá?

Ojúde wa

Konrad Steffen lo ọgbọ̀n ọdún ní Swiss Camp. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, nítòsí àgọ́ náà, ó já sínú ihò kan tí omi kún inú rẹ̀, ó sì kú síbẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹjọ, ọdún 2021, òjò rọ̀ ní téńté orí yìnyín Greenland, ní gíga tó lé ní mítà 3,200. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣọ́ ojú ọjọ́ níbẹ̀, wọn kò rí irú rẹ̀ rí.

Ní Saint-Gervais, ìtàn náà ní apá kejì. Ní 2010, àwọn onímọ̀ tún yẹ Tête Rousse wò, wọ́n sì rí i pé omi ti padà sínú rẹ̀: nǹkan bíi mílíọ̀nù 55 lítà. Bí táńkà omi bá ń gbé 10,000 lítà, a jẹ́ pé táńkà 5,500 ló wà lórí àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n gbẹ́ ihò láti òkè, wọ́n fi ẹ̀rọ fa omi náà jáde kó tó ráyè já. Onílé kọ̀ fún àgbàrá.

Ẹ̀rọ kankan kò sí tó lè fa ti Greenland. Bí gbogbo rẹ̀ bá yọ́, òkun yóò ga ju mítà méje lọ káàkiri ayé. Ìyẹn gba ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni ju bílíọ̀nù 200 tọ́ọ̀nù ń kúrò lára rẹ̀ báyìí. Ibi tí omi yẹn ń lọ kò sì rí bí èèyàn ṣe ń rò. Yìnyín Greenland wúwo débi pé ó ń fa omi òkun mọ́ra. Bó ṣe ń yọ́, ìfà yẹn ń dín kù. Òkun ń sún kúrò létí Greenland fúnra rẹ̀, àwọn etíkun tó jìnnà sí i ló sì ń gba omi ju ìpín wọn lọ. Tiwa wà lára wọn, láti Badagry dé Ìlàjẹ. Ohun tó ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò ní Ìlàjẹ ju ẹyọ kan lọ, ilẹ̀ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ń rì. Ṣùgbọ́n òkun tó ń ga wà nínú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè àwọn ará Saint-Gervais fi di tiwa náà. Omi tó wọ ihò ọlọ lónìí, tó lúgọ sínú àlàfo lẹ́yìn àpáta, tó ń dúró nínú àmù òjò dídì, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù fún un lẹ́yìn gbogbo ìrìn rẹ̀. Òkun ni ọ̀nà náà, ojúde wa sì ni òkun náà dé.